Ọjọ́ tí Wọ́n Sanwó Gọ́tà Lábẹ́ Àtíbàbà

Orúkọ àbísọ mi, àwọn tó mọ̀ ọ́n ní Agége kò pọ̀. Ọkọ mi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìgbà tí inú bá ń bí i nìkan ló máa ń pè é. Báǹkì mọ̀ ọ́n, torí báǹkì kì í gbà kéèyàn máa jẹ́ Ìyá Oníbàtà nínú ìwé tiwọn. Ní ọjà, Ìyá Oníbàtà ni mí láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ tú béélì òkìrìkà sílẹ̀ létí ojú irin. Ẹni tó bá pe orúkọ mìíràn, mo lè máà dáhùn, mo lè rò pé ẹlòmíràn ló ń wá. Bí gbogbo wa ṣe rí nìyẹn. Oníke tó ń ta abọ́ àti garawa oníke ní òdìkejì mi, ọ̀pọ̀ ọdún la ti jọ ń bú ara wa láti àárọ̀ dalẹ́, n kò mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ohun tí a fi ń bú ara wa ti tó wa.

Ẹnu mi mú, n kò ní purọ́. Kò sí ẹni tí yóò kọjá níwájú ìsọ̀ mi tí n kò ní rí nǹkan sọ sí i, tó bá wá di ti àwọn tó ń kó gọ́tà, mo máa ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ni. Bí wọ́n bá gbé ṣọ́bìrì wọn dé ọ̀dọ̀ mi, màá ní kí wọ́n rọra, kí wọ́n má fi òórùn wọn kó bá bàtà mi, torí òkìrìkà ni, ó ti gbé òórùn tirẹ̀ bọ̀ láti òkè òkun. Àwọn èèyàn á rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ń kó gọ́tà pàápàá á rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò pé kò dùn wọ́n.

Káńsù tiwa kì í ṣe káńsù olówó. Bí òjò bá ti ń ṣú, wọ́n á gba àwọn èèyàn tó máa kó gọ́tà. Bí òjò bá ti dá, wọ́n á ní kí wọ́n máa lọ sílé títí di àmọ́dún. Òṣìṣẹ́ ìgbà òjò là ń pè wọ́n. Owó wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n owó ni. Káńsù kò wá ní owó mìíràn tí wọ́n máa fi gba àwọn tí yóò máa ṣọ́ wọn, bóyá wọ́n wá síbi iṣẹ́ ni o, bóyá wọn kò wá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rántí ọjà. Wọ́n wá bá Ìyálọ́jà, wọ́n ní kí ìlà ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda ẹnì kan tí kò ní gba kọ́bọ̀, tí yóò máa yẹ gọ́tà wò ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí a fi ń gbá ọjà, tí yóò sì lè jẹ́rìí pé iṣẹ́ ń lọ. Wọ́n ní olùyọ̀ǹda-ara ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àwa ní ọ̀wẹ̀ ìjọba ni. Ọ̀wẹ̀ tí mo bá àwọn òbí mi lọ nílé nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ẹni tó loko á gúnyán fún yín títí ẹ kò fi ní lè dìde. Ọ̀wẹ̀ ìjọba, píọ̀ wọ́tà àti bisikíìtì ni, wọ́n á sì ya fọ́tò yín bí ẹ ṣe ń mu ún.

Ìlà tiwa yan èmi. Wọ́n ní ẹnu mi nìkan tó láti la gọ́tà. Wọ́n fún mi ní ẹ̀wù péńpé aláwọ̀ ewé, mo sì ń gbé e wọ̀ bí ẹni tó joyè.

Ọdún yẹn náà ni omi ya wọ ìsọ̀ mi. Òjò rọ̀ mọ́jú, gọ́tà tí gbogbo wa ń da ìdọ̀tí sí wá kọ̀, kò gbé omi lọ mọ́. Nígbà tí mo máa fi dé ọjà, bàtà ẹsẹ̀ òsì ti ń léfòó lọ sí ìdí ojú irin, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún dúró, ó ń wo ẹ̀yìn èkejì rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Gbogbo owó tí mo ní ló wà nínú béélì tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ tú. Awọ tó bá ti mu omi gọ́tà, bó o sá a títí oòrùn fi rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò ní kúrò, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á sì lanu bí ẹja.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé owó ti tán. Ọjà kì í gbọ́ pé owó tán lọ́wọ́ ẹni kó tún fún ẹni láwìn. Mo to èyí tó kù síwájú, mo ki ìwé bọ̀ wọ́n nínú kí wọ́n lè dúró bí ọmọlúàbí, mo sì ń bá yẹ̀yẹ́ mi lọ, kí wọ́n má baà rò pé nǹkan kan ṣe mí.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni fóòmàn àwọn tó ń kó gọ́tà wá ra bàtà lọ́wọ́ mi. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọkùnrin tí kì í gbójú sókè púpọ̀, tó máa ń ṣe bíríkìlà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a ṣe ń nájà, ó ní òun kò rí èèyàn tó lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù ní Oko Ọba, pé ẹni tí òun bá gbà síbẹ̀ kì í pẹ́ tó fi ń sá. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo bi í pé ta ni yóò sá kúrò nínú irú ọrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó sanwó bàtà, ó lọ. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ fi máa yí po, èmi fúnra mi ló dúró níwájú rẹ̀ ní Oko Ọba, tí mo fi ìborùn bo ojú. Mo bẹ̀ ẹ́ kó gbà mí síṣẹ́. Mo tún bẹ̀ ẹ́ kó má jẹ́ kí ọjà mọ̀. Ó lè rẹ́rìn-ín bó bá fẹ́, ó kúkú jẹ mí ní gbèsè rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

"Màmá," ó ní, "ohun tí ẹ kò bá ti fẹ́ kí n sọ, kò ní tẹnu mi jáde. Àmọ́ iṣẹ́ o. Mi ò ní bá yín ṣe tiyín."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni méjì. Lójú ọjà, mo ń lọ ṣa bàtà ní Kàtàngúwà, ọjà òkìrìkà, láàárọ̀, mo sì ń pẹ́ kí n tó ṣí ìsọ̀. Ní Oko Ọba, mo ń wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn, bàtà òjò, fìlà, àti ìbòmú tí mo máa ń fà títí dé abẹ́ ojú. Ọjọ́bọ̀ ni fóòmàn yọ̀ǹda fún mi, mo máa ń fi Sátidé dí i. Nítorí náà, Ọjọ́bọ̀ ni mo ń wọ aláwọ̀ ewé, tí mo ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń kó gọ́tà. Àwọn ọjọ́ yòókù ni mo wà nínú gọ́tà.

Gọ́tà Oko Ọba kì í ṣe gọ́tà lásán. Ẹ̀jẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, ìgbẹ́ inú àpòlúkù tẹ̀lé e, àti ìwo, àti ọ̀rá oríṣiríṣi, gbogbo rẹ̀ á wá dì pọ̀ bí ẹ̀kọ tó sùn. Bí a bá ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́, á fà á mú, bí ẹni pé ẹnì kan di kinní ọ̀hún mú nísàlẹ̀. Bí mo bá délé, màá fi ọṣẹ dúdú wẹ̀, màá tún fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa ara. Ọkọ mi ní òórùn mi ti dà bíi ti ẹja tí wọ́n fẹ́ sè. Òun náà ti mọ̀, ó kàn ń wá bí ó ṣe máa sọ̀rọ̀ láì sọ ọ́ ni.

Lọ́jọ́ kan, Oníke wá ra pọ̀nmọ́. Ó gba ẹ̀gbẹ́ gọ́tà kọjá, ó fi etí ìró di imú, ó wo ojú mi gan-an, ó tutọ́, ó sì kọjá lọ. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa wí. Kò rí mi. Aṣọ aláwọ̀ ọsàn kì í lójú. Inú mi dùn pé kò dá mi mọ̀. Ẹ̀yìn ìgbà náà, bí mo ṣe ń gbé ẹrẹ̀ sókè, inú mi kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mọ́. Èmi náà ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ irú wọn fún ọdún púpọ̀, bó o bá ní kí n sọ bí ojú ẹnì kan nínú wọn ṣe rí, n kò lè sọ ọ́.

Owó àkọ́kọ́, wọ́n san án fún wa ní káńsù, wọ́ọ́rọ́wọ́, a tẹ̀ka, a lọ. Ti ẹlẹ́ẹ̀kejì ló dìdàkudà. Obìnrin káńsù tó wà nídìí ètò náà, obìnrin kan tó máa ń lo awò ojú, tó sì mọ èèyàn kí, wá bá àwa olùyọ̀ǹda-ara ṣèpàdé. Ó ní àwọn iwin wà nínú iṣẹ́ gọ́tà, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò rí ojú ẹni tó ni ín ń gba owó. Nítorí náà, gbangba ni wọ́n yóò ti máa sanwó báyìí, lábẹ́ àtíbàbà ọjà wa, torí ibẹ̀ ló fẹ̀ jù. Wọ́n á pe orúkọ, ẹni tó ni ín á dìde, àwa olùyọ̀ǹda-ara tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì á jẹ́rìí. Gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ mi kàn ń pa ara wọn lásán ni, n kò mọ ohun tí wọ́n ń ṣe.

Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Béélì kékeré kan ni mo fẹ́ fi owó náà rà, kí n lè kúrò nínú gọ́tà, kí n padà di èèyàn. Ṣùgbọ́n láti dìde níwájú Oníke, níwájú Ìyálọ́jà, níwájú àwọn tí mo ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kí n ní èmi ni mo ń kó ìgbẹ́ màlúù? Mo ní kí owó náà máa lọ. Mo rò pé bí wọ́n bá pe orúkọ tí ẹnì kan kò bá dáhùn, wọ́n á kọjá sí èyí tó kàn ni. N kò bi fóòmàn. Èmi tí mo máa ń bi gbogbo ayé ní ìbéèrè, n kò bi ẹni tó yẹ kí n bi.

Ọjọ́ pé. Àwọn òṣìṣẹ́ to ara wọn sórí bíríkì níwájú, wọ́n ti wẹ̀, wọ́n wọ aṣọ ilé, wọ́n dà bí ẹni tó wá fẹ́ ìyàwó. Àwa jókòó nínú aláwọ̀ ewé wa. Oníke wà lẹ́yìn mi pẹ̀lú àwọn ará ọjà tó wá wòran. Obìnrin káńsù gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ tí kò tètè dìde, torí ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ẹnu mi kò gbà mí láyè. Mo ní kí wọ́n tún un pè, pé òkú kì í gbọ́ ìpè àkọ́kọ́. Àtíbàbà fẹ́rẹ̀ẹ́ wó fún ẹ̀rín. Inú mi dùn. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ àbísọ mi.

Ó dún bí orúkọ ẹni tó ti kú lóòótọ́. Ẹnikẹ́ni kò mira. Wọ́n tún un pè. Oníke fi ìka gún mi lẹ́yìn, ó rọra ní, "Tún un wí fún wọn. Sọ pé kí wọ́n lọ pè é ní itẹ́ òkú." Ó ti ń rẹ́rìn-ín kí n tó la ẹnu. N kò lè là á.

Fóòmàn dìde, ó ní ara obìnrin náà kò yá, pé òun yóò gba owó rẹ̀ fún un. Ìyẹn ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Obìnrin káńsù yọ awò ojú rẹ̀. Ó bi í pé ibo ni obìnrin náà ń gbé. Fóòmàn ní òun kò mọ̀. Ó kọjú sí bẹ́ǹṣì wa, ó bi wá bóyá a mọ obìnrin kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè yìí. Ìyálọ́jà ní òun ti pẹ́ ní Agége, òun kò gbọ́ orúkọ náà rí. Lótìítọ́ sì ni, kò gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mo ta bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà fún un.

Ẹ̀ṣọ́ káńsù kan wá di ìbàdí ṣòkòtò fóòmàn mú látẹ̀yìn, ó fà á sókè bí wọ́n ṣe máa ń mú olè, títí ọkùnrin náà fi ń dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀. Obìnrin káńsù ní ẹni tó kọ orúkọ iwin ni yóò lọ ṣàlàyé fún ọlọ́pàá, pé iṣẹ́ ti tán fún un lónìí. Àwọn èèyàn ti ń pe olè. Àwọn tó ń pè é, èmi ni mo pa wọ́n lẹ́rìn-ín, èmi ni mo ti dá wọn lára yá.

Kò wo apá ọ̀dọ̀ mi rárá. Ilẹ̀ ló ń wò. Ká ní ó wò mí ni, bóyá inú ì bá bí mi sí i, bóyá ǹ bá jókòó mọ́ ibi tí mo wà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò.

Mo dìde. Mo ní, "Èmi ni."

Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Wọ́n rò pé mo tún ti bẹ̀rẹ̀. Ìyálọ́jà ní, "Ìyá Oníbàtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ràn yìí." Mo tún un wí. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Oníke ń lu itan. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣàwàdà, ọjọ́ tó bá fẹ́ sọ òótọ́, á wá ẹlẹ́rìí tì.

Ẹni tó tún wá da ọ̀rọ̀ rú ni fóòmàn fúnra rẹ̀. Bí ṣòkòtò ṣe há a ní ìbàdí tó, ó ní, "Kì í ṣe àwọn o. Màmá, ẹ jókòó."

Mo bọ́ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, mo gbé e sórí bẹ́ǹṣì. Mo bọ́ bàtà mi, bàtà aláwọ tó bo ẹsẹ̀ dáadáa tí mo ti ń wọ̀ láti ọjọ́ tí mo ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gọ́tà, mo sì gbé ẹsẹ̀ sórí àga níwájú obìnrin káńsù. Omi gọ́tà tó ń ya wọ inú bàtà òjò ti jẹ àárín ìka mi, ó ti funfun, ó ti là. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wà lórí bíríkì, ẹsẹ̀ wọn náà rí bẹ́ẹ̀ nínú sálúbàtà tí wọ́n wọ̀. Obìnrin kan láàárín wọn ní, "Màmá wa ni. Àwọn la jọ ń ṣe Oko Ọba."

Ẹ̀rín náà kú bí iná tí wọ́n da omi sí. Mo gbọ́ rélùwéè tó ń fọn fèrè lọ́ọ̀ọ́kán.

Wọ́n fi fóòmàn sílẹ̀. Ó tún ṣòkòtò rẹ̀ ṣe, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi, bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é lóore. Mo tẹ̀ka, mo gba owó mi. Obìnrin káńsù rọra sọ fún mi pé ẹni tí wọ́n ń sanwó fún kò lè tún jẹ́ ẹlẹ́rìí, pé kí n má bínú, kí n fi ẹ̀wù náà sílẹ̀. Mo ti fi í sílẹ̀ kó tó sọ ọ́.

Mo ti múra sílẹ̀ de ẹ̀fẹ̀. Mo ti to ìdáhùn jọ láti alẹ́, mo ní èyí tí màá fún Oníke, mo ní ti àwọn alákàrà, mo tilẹ̀ ní ti Ìyálọ́jà, èyí tí n kò ní fẹ́ kó gbọ́. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀fẹ̀. Àánú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Ìyálọ́jà di owó sínú aṣọ ránṣẹ́ sí mi, ó ní kí n fi ra ọṣẹ. Àwọn tí kì í ra bàtà rárá ń wá ra bàtà, wọn kì í nájà, iye tí mo bá ti dá ni wọ́n ń san, wọ́n sì ń wo ẹsẹ̀ mi. Bí mo bá sọ̀rọ̀ sí ẹnì kan, á rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, irú èyí tí wọ́n ń rín fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Mo sọ fún Oníke pé abọ́ rẹ̀ yìí, bí wọ́n bá bu ẹ̀bà gbígbóná sí i, á ká bí ewé. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi." Oníke. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ni mí. Mo wọ inú ìsọ̀ lọ, mo jókòó sẹ́yìn àwọn bàtà, mo sì bo ojú mi. Gọ́tà kò tì mí lójú tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá ń ṣàánú, kò sí bí ó ṣe lè bú èèyàn kó wọ̀ ọ́ lára mọ́.

Mo ra béélì kékeré náà, ṣùgbọ́n n kò kúrò nínú iṣẹ́. Béélì kan kò tó nǹkan. Àti pé kí ni mo tún ń fi pamọ́? Nígbà tí òjò tún le, wọ́n gbé àwa ará Oko Ọba wá sí gọ́tà ọjà wa. Mo wọ aláwọ̀ ọsàn mi, mo fa ìbòmú wálẹ̀ torí ooru, mo bọ́ sínú gọ́tà níwájú ìsọ̀ ara mi. Ojú tì mí débi pé mo ń ka igi àtíbàbà kí n má baà wo ẹnikẹ́ni.

Oníke ni wọ́n fi rọ́pò mi nínú àwọn olùyọ̀ǹda-ara. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé, ó fún un mọ́ra díẹ̀. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ó ń wo iṣẹ́ wa. Ibi tí mo ti gbá mọ́ tán, mo yíjú padà, ọ̀rá ìdọ̀tí kan ti wà níbẹ̀, ọ̀rá abọ́ tirẹ̀ gan-an. Mo wò ó. Ó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Mo ní ta ló da eléyìí síbí. Mo rí i pé ó ń gbìyànjú láti ṣe mí jẹ́jẹ́, ó fẹ́ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́, ẹnu rẹ̀ kò gbà á.

"Ṣebí wọ́n ń sanwó fún ẹ?" ó ní. "Kó o jàre."

Ó gún mi lọ́kàn, n kò ní purọ́. Gbogbo ìlà ló gbọ́. Mo fi ṣọ́bìrì gbé ọ̀rá náà, omi rẹ̀ ń jò, mo rọra gbé e lé àárín àwọn abọ́ tó tò kalẹ̀, lórí èyí tó tóbi jù. Ó pariwo pé mo ti ba ọjà òun jẹ́. Mo ní ọjà wo, ike tí ajá kò lè mumi nínú rẹ̀. Ó ní orí mi kò pé, pé ìgbẹ́ màlúù ti wọ̀ mí lọ́pọlọ. Fóòmàn dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò mọ èyí tí yóò bẹ̀ nínú wa. A wà lórí ìjà náà títí oòrùn fi là, kò sẹ́ni tó tún rántí ṣàánú mi, nígbà tó sì fi máa parí, gọ́tà ìlà wa nìkan ni wọn kò tíì kó tán lọ́jọ́ náà, Oníke sì ní dandan, òun yóò fẹjọ́ mi sun káńsù.